Kí Ni Ìwé-Ẹ̀rí Yìí Ń Jẹ́rìí Sí? Ẹ̀kọ́ Lórí Gbígba Alábòójútó Iṣẹ́ Àkànṣe

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó wà ní ìpele ìkẹyìn kì í yéé bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ ṣe PMP?" Èmi náà bi àwọn tó ṣáájú mi bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ni ìbéèrè náà tó yé mi dáadáa. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti lo ọdún kan ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò yóò ti mọ̀ pé Abidjan dà bí àdúgbò kan nínú ìlú náà. Ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ pọ̀ ní Côte d'Ivoire láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò, ó ń gba Benin, Togo àti Ghana kọjá, títí yóò fi dé ọ̀hún. Owó sì ń ti ọ̀hún bọ̀ wálé.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ abúlé kan ní agbègbè Èjìgbò dá jọ. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gàrí fún àwọn ìyá wọn: òrùlé tó dára, ẹ̀rọ tí wọn yóò fi máa rin ẹ̀gẹ́, jáàkì tí wọn yóò fi máa fún un, ibi tí wọn yóò ti máa yan án, àti kànga ẹ̀rọ kan. Títí di ìgbà náà, orí ọ̀kadà ni àwọn ìyá náà ń di ẹ̀gẹ́ lé lọ sí ibi tí ẹ̀rọ wà.

Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀, koríko ti bò ó. Ìdí nìyẹn tí ọkàn gbogbo wa kò fi balẹ̀. Owó àwọn tó ń tajà lábẹ́ oòrùn Abidjan ni. Bí ó bá ṣòfò lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tí yóò dá kọ́bọ̀ mọ́.

Wọ́n yan àwa márùn-ún pé kí a wá alábòójútó. Nítorí pé mo kàwé nípa ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí sí i. Èèyàn 11 kọ̀wé sí wa. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò tán, ó ku méjì. Èkíní, ọkùnrin kan tó ní PMP, tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìlànà iṣẹ́ ní Èkó. Èkejì, obìnrin kan tó ní HND, tó ti lo ọdún 6 níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà oko àti afárá kéékèèké. Obìnrin yìí kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan nínú iṣẹ́ ìbójútó.

Àwọn ará Abidjan ń pe fóònù pé ọkùnrin tó ní ìwé ni kí a mú. Àwa tí a wà nílé fẹ́ obìnrin tó ti tẹ ẹrẹ̀. Ariyanjiyan náà gbóná. Bàbá alága wa, tí kò sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mú ìwé ọkùnrin náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ìwé yìí, kí ló ń jẹ́rìí sí?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ojú tì mí, torí èmi ni wọ́n ń pè ní alákọ̀wé láàárín wọn. A sún ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì lọ wádìí.

Ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí

PMP ni ó gbajúmọ̀ jù. Àjọ Project Management Institute, PMI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969 ló ń fúnni. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè jókòó ṣe é. Ẹni tó ní dìgírì gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ àkànṣe fún oṣù 36. Ẹni tí kò ní dìgírì, oṣù 60. Yóò tún fi wákàtí 35 kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ìdánwò tí mo kà nípa rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 180. Ẹni tó bá yege gbọ́dọ̀ máa kó òǹkà ẹ̀kọ́ 60 jọ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìwé náà má baà kú. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni PMP ń jẹ́rìí sí: pé ẹni náà sọ pé òun ti darí iṣẹ́ fún iye àkókò báyìí, tí àjọ náà sì lè ní kó mú ẹ̀rí wá, pé ó kẹ́kọ̀ọ́, àti pé ó yege.

CAPM jẹ́ àbúrò PMP, ọ̀dọ̀ PMI kan náà ló ti ń wá. Kò béèrè ìrírí. Ìwé mẹ́wàá àti wákàtí ẹ̀kọ́ 23 ti tó láti ṣe ìdánwò rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé ẹni náà gbọ́ èdè iṣẹ́ náà.

PRINCE2 wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1996 ni wọ́n gbé e jáde. Ìlànà iṣẹ́ kan pàtó ni ó ń kọ́ni: ta ló ní àṣẹ, ìgbà wo ni a ó dúró yẹ iṣẹ́ wò, kí ni yóò mú wa dá iṣẹ́ dúró. Ìpele kìíní rẹ̀, Foundation, kò béèrè ìrírí rárá. Ìbéèrè 60 nínú ìṣẹ́jú 60 ni.

Project DPro, tí wọ́n ń pè ní PMD Pro tẹ́lẹ̀, wá láti ọ̀dọ̀ PM4NGOs. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè àti iṣẹ́ ìrànwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ìyẹn sún mọ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ṣe. Ìpele kìíní rẹ̀ náà kò béèrè ìrírí.

Nílé níbí, ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin dá Chartered Institute of Project Managers of Nigeria sílẹ̀, nígbà ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari. Ẹ má ṣe fojú kan náà wo irú àjọ tí òfin dá sílẹ̀ àti àjọ tí kàn ń ṣe ìdánwò. Ẹ wo COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀: orúkọ tó wà nínú ìwé COREN jẹ́ àṣẹ láti ṣiṣẹ́. PMP àti PRINCE2 kì í ṣe àṣẹ. Ẹ̀rí ni wọ́n.

Fìrídọ̀ọ̀mù

Nígbà tí a tún pàdé, mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá. Ó ní, "Ó ti yé mi. Fìrídọ̀ọ̀mù ni."

Òótọ́ ni. Gbogbo wa la mọ̀ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń gba fìrídọ̀ọ̀mù. Yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún iye ọdún tí wọ́n dá, wọn yóò pe àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ jọ, wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sì fún un ní sáátífíkéètì tí yóò gbé kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìwé náà ń sọ pé ó kọ́ iṣẹ́ dópin, kò sì sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Kò sọ pé òrùlé tó bá kàn kò ní jò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kan òrùlé ní Èjìgbò, ta ló máa ń béèrè sáátífíkéètì káfíńtà? Ẹ ó béèrè pé, "Ilé ta ló kàn kẹ́yìn?" Ẹ ó lọ wò ó. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Àmọ́ Bàbá kò dúró síbẹ̀. Ó ní: "Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sí ìlú tí n kò mọ ẹnikẹ́ni, tí bàtà mi já, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé sáátífíkéètì kọ́ ni màá kọ́kọ́ yà." Ní gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, Bàbá ti tú ìjà àwọn ará Abidjan àti àwa ará ilé. Àwa lè gun ọ̀kadà lọ wo afárá tí obìnrin náà ṣe. Wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti Abidjan. Ìwé nìkan ni ojú wọn lè tó.

Ohun tí a kọ́ ní kíláàsì, tí a kò lò

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé yóò ti rántí George Akerlof, ẹni tó kọ̀wé ní ọdún 1970 nípa ọjà ọkọ̀ àlòkù: ẹni tó ń tà mọ àléébù ọkọ̀, ẹni tó ń rà kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1973, Michael Spence gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ọjà iṣẹ́. Ó ní ẹni tó ń gbani kò lè rí inú ẹni tó ń wáṣẹ́, nítorí náà ẹni tó ń wáṣẹ́ ń fi àmì hàn, bíi ìwé-ẹ̀rí. Àwọn méjèèjì àti Joseph Stiglitz ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001.

Spence fi kókó kan kún un tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Àmì kì í níyì àfi bó bá ṣòro fún ẹni tí kò yẹ láti ní in ju ẹni tó yẹ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá lè san owó lónìí kó sì gba ìwé lọ́la, ìwé náà kò ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì. Ó ti di ìwé owó sísan lásán. Ẹ fi èyí wọn gbogbo "sáátífíkéètì ìbójútó iṣẹ́" tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp pé ọjọ́ méjì ni.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń gbani bá ṣe jìnnà sí iṣẹ́ tó ni ìwé ṣe ń wúwo lójú rẹ̀ tó. Bí ìwé bá sì ṣe ṣòroó gbà tó ni ó ṣe yẹ kó wúwo tó.

Bí a ṣe yàn

A pinnu pé a ó fún àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ kan náà. A kọ ọ́ sí ojú ìwé kan pé: owó yóò wá ní ìgbà mẹ́ta, ní oṣù kejì, oṣù kẹrin àti oṣù keje, ẹ kọ bí ẹ ó ṣe ṣe ilé gàrí àti kànga ẹ̀rọ náà. A fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. A mọ̀ọ́mọ̀ má sọ pé ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ agbẹ́kànga kò lè wọ ọ̀nà abúlé náà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa.

Ọkùnrin náà fi ìwé tó mọ́ tónítóní ránṣẹ́. Ó to iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ó ya owó sọ́tọ̀ nítorí pé sìmẹ́ńtì lè gbówó lórí, ó kọ orúkọ ipò ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí owó. Ṣùgbọ́n kò wá wo ilẹ̀ náà, kò sì béèrè nǹkan kan. Oṣù keje ló fi kànga sí, àárín òjò.

Obìnrin náà kò tíì kọ nǹkan kan tó fi gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ó pè wá, ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ni ilẹ̀, ìwé dà? Ọ̀nà yìí ń kọ́? Ọjọ́ wo ni àwọn ìyá máa ń ṣe gàrí kí wọ́n tó ná ọjà? Ó fi kànga ṣáájú, ní oṣù kejì, kí òjò tó dé. Ìwé rẹ̀ kò ju ojú kan ààbọ̀ lọ.

A dìbò. Mẹ́ta sí méjì, obìnrin náà wọlé. Inú mi dùn. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ìwé-ẹ̀rí kò já mọ́ nǹkan kan.

Ibi tí mo ti ṣìnà

Kànga gbẹ́ dáadáa, omi sì wà. Ilé dìde. Ní oṣù karùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn tó dá owó tó pọ̀ jù ní Abidjan pe obìnrin náà lórí fóònù. Ó ní kó má fi páànù lásán bò ó mọ́, kó lo páànù alumíníọ̀mù gígùn, kó sì fi yàrá kan kún un tí wọn yóò máa kó gàrí sí. Bàbá àgbà ni ẹni náà. Báwo ni obìnrin tó kéré sí i yóò ṣe sọ pé rárá? Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣé, sà." Owó tó yẹ kó fi ṣe ibi tí wọn yóò gbé táńkì omi lé ló fi ra páànù.

Nígbà tí àwọn yòókù gbọ́, iná ràn. Wọ́n ní ó ti jẹ owó àwọn. Ó ní rìsíìtì gbogbo ohun tó rà, kọ́bọ̀ kò sọnù. Ohun tí kò ní ni bébà kan tó sọ ẹni tó ní kí wọ́n yí iṣẹ́ padà. Ọ̀sẹ̀ 7 ni iṣẹ́ fi dúró. Lójoojúmọ́ ni mo ń rántí ìpìlẹ̀ tí koríko bò. Ìgbà tí Bàbá náà fúnra rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òun ni òun sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tó rọ̀, tí wọ́n sì dá owó táńkì.

Ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ 7 yẹn, mo lọ yọ ìwé ọkùnrin tí a kò mú jáde. Ó wà níbẹ̀, ní ojú ìwé kejì: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí ohunkóhun padà yóò kọ ọ́ sílẹ̀, èèyàn mẹ́ta yóò sì fọwọ́ sí i kí a tó ná owó. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Mo rò pé àṣejù alákọ̀wé ni.

Kì í ṣe àṣejù. Ó wà lára ohun tí wọ́n ń fi PMP àti PRINCE2 kọ́ni gan-an. Fún àwa Yorùbá, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó lè kúnlẹ̀ kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i, kí n lè fi han àwọn yòókù." Kò rí àgbà fín, iṣẹ́ kò sì bàjẹ́. Bébà ló bá a sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Nítorí náà, n kò kábàámọ̀ pé a mú obìnrin náà. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé a kò wo ohun tí kò ní, kí a pèsè rẹ̀ fún un. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ìbá gba ọ̀sẹ̀ 7 yẹn là.

Bí ẹ bá ń gbani síṣẹ́

1. Ẹ béèrè ìbéèrè Bàbá lórí ìwé kọ̀ọ̀kan: kí ló ń jẹ́rìí sí? Ìrírí ni, àbí ìdánwò nìkan?
2. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. PMI ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ ẹni tó ní ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
3. Ẹ lọ wo iṣẹ́ tó ṣe. Ẹ bá ẹni tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ nìkan.
4. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tó jọ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì wo ìbéèrè tí yóò béèrè.
5. Ẹ fi ìwé dín orúkọ kù bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.
6. Bí ẹni tó yẹ jù kò bá ní ìwé, ẹ fún un ní ohun tí ìwé ìbá ti kọ́ ọ: bébà ìyípadà iṣẹ́, àkọsílẹ̀ owó, àti orúkọ ẹni tó ní àṣẹ.

Bí ẹ bá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kò tíì lè ṣe PMP, nítorí oṣù 36 náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ yan ọ̀kan nínú CAPM, PRINCE2 Foundation tàbí Project DPro Foundation, èyí tó bá irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá mu. Ẹyọ kan tó yé yín dára ju mẹ́ta tí ẹ há sórí lọ.

Ní pàtàkì jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkọsílẹ̀ báyìí. Ní ọdún tí ẹ bá lọ fún iṣẹ́ oko, àti nígbà tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lábẹ́ NYSC, ẹ kọ ohun tí ẹ darí sílẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye owó, ohun tó bàjẹ́, bí ẹ ṣe tún un ṣe, àti ẹni tó lè jẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó níwájú àwọn bíi tiwa, ìwé yín yóò mú yín wọlé, àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ ó sì máa kà fún wọn.

Ilé gàrí náà ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ti ṣe Project DPro Foundation lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Mo béèrè bó ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ojú ìwé tí òun ṣí tí òun kò rí ọ̀rọ̀ páànù yẹn níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Mú ìpolówó iṣẹ́ alábòójútó kan. Fa ìlà sí abẹ́ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n béèrè. Ṣé ẹni tó ń gbani sún mọ́ iṣẹ́ náà tàbí ó jìnnà sí i? Kí ni ìyẹn sọ nípa ìdí tí wọ́n fi béèrè rẹ̀?
2. Lo ohun tí Spence sọ láti fi CAPM wé sáátífíkéètì ọjọ́ méjì tí ìwọ náà ti rí ìpolówó rẹ̀.
3. Kọ bébà ìyípadà iṣẹ́ kan, tí kò ju ìlà 10 lọ, ní èdè Yorùbá, tí o lè gbé síwájú àgbà kan ní abúlé rẹ láìjẹ́ pé ó bínú. Fi ránṣẹ́ sí olóòtú. A ó tẹ èyí tó dára jù jáde nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀.